Mọ́tò Àwòṣe: Ẹ̀kọ́ láti Ọ̀dọ̀ Ilé-iṣẹ́ Kékeré kan

Káfíńtà tí ó bá gba iṣẹ́ àga 40 fún ilé-ẹ̀kọ́ kì í dédé fa ayùn yọ kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́ gbogbo pákó rẹ̀. Àga kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ kàn. Yóò jókòó lé e, yóò mì í wò, yóò sì pe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹsẹ̀ àga náà bá kúrú jù, lórí ẹyọ kan ni yóò ti rí àṣìṣe rẹ̀, kì í ṣe lórí 40. Ohun tí àga àkọ́kọ́ yìí jẹ́ fún káfíńtà ni mọ́tò àwòṣe jẹ́ fún àwọn tí ń ṣe ọkọ̀. A kì í ṣe é fún títà. A ń ṣe é kí a lè fi ojú rí ohun tí a ti rò nínú ọkàn, kí a sì mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí òkìkí wọn kàn ká gbogbo ayé máa ń ṣe irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa gbé e lọ sí ibi àfihàn ọkọ̀ kí àwọn ènìyàn lè wò ó. Púpọ̀ nínú wọn ni ó wà fún ẹwà àti fún ìpolówó ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré kan wà tí ó jẹ́ pé ríronú nípa ọkọ̀ gan-an ni iṣẹ́ wọn. Wọn kò ní ilé ìtajà, wọn kì í sì í ṣe ọkọ̀ ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Ọgbọ́n ni wọ́n ń tà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀kan nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Gordon Murray Design, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007 ní Shalford, ní agbègbè Surrey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2010 títí di ọdún 2013, àwòṣe mẹ́ta jáde láti ibẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọ̀nà àti ọjà bá kàn mọ̀ nípa wọn. Méjì nínú wọn jẹ́ ti ìgboro. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti oko.

Ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀

Ní ìlú Durban, ní ilẹ̀ South Africa, ni a bí Gordon Murray sí ní ọdún 1946. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ibẹ̀ náà ni ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ tí ó fi ń sá eré ìje. Ní ọdún 1969 ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ tí ó fi rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọkọ̀ ìje Brabham. Ọkọ̀ tí ó ṣe fún ẹgbẹ́ náà ni Nelson Piquet, ọmọ ilẹ̀ Brazil, fi gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo ayé ní ọdún 1981 àti ní ọdún 1983. Nígbà tí Murray di ọ̀gá lórí ọ̀ràn ẹ̀rọ ní ẹgbẹ́ McLaren, ọkọ̀ wọn borí nínú ìje 15 nínú 16 tí a sá ní ọdún 1988. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe ọkọ̀ kan fún ojú títì, McLaren F1, tí ènìyàn mẹ́ta ń jókòó nínú rẹ̀, tí awakọ̀ sì wà ní àárín gbùngbùn níwájú. Ní ọdún 1998 ọkọ̀ yìí sáré dé kìlómítà 386 láàárín wákàtí kan.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé ọkọ̀ olówó iyebíye nìkan ni ọkùnrin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìje tí ó wúlò fún tálákà ju olówó lọ, èyí ni pé ìwọ̀n ni ọ̀tá ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ó fúyẹ́ kò nílò ẹ́ńjìnì ńlá. Nígbà tí ẹ́ńjìnì kò bá tóbi, egungun tí yóò gbé e kò ní láti nípọn; nígbà tí egungun kò bá nípọn, bíréèkì àti táyà kékeré yóò tó o; epo tí yóò jẹ kì yóò sì pọ̀. Bí a bá mú kìlógíráàmù kan kúrò níhìn-ín, òmíràn yóò tẹ̀ lé e lọ́hùn-ún. Ẹ̀kọ́ yìí ni Murray gbé kúrò lórí pápá ìje wá sí ojú títì.

Àwòṣe kìn-ín-ní: T.25

Bí ènìyàn bá dúró sí ẹ̀bá títì ní ìlú ńlá èyíkéyìí ní àárọ̀, tí ó sì ń ka àwọn tí ó jókòó nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹni náà lè má wúwo ju kìlógíráàmù 70 lọ, ṣùgbọ́n irin tí ó gbé e ju 1,000 lọ. Nítorí náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo tí ọkọ̀ ń jó, irin ni ó fi ń gbé, kì í ṣe ènìyàn. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ní ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ náà gbé ìdáhùn tirẹ̀ jáde, èyí tí a pè ní T.25. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.4, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.3. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ wọ̀n tó kìlógíráàmù 575, tí kò tó ìdajì ìwọ̀n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí a ń rí lójú títì. Síbẹ̀ ènìyàn mẹ́ta ń jókòó nínú rẹ̀: awakọ̀ níwájú ní àárín, èrò méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Kò ní ilẹ̀kùn ní ẹ̀gbẹ́. Òkè iwájú rẹ̀ lódindi ni ó ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí, tí ènìyàn yóò sì rìn wọ inú rẹ̀ láìtẹrí ba. Nítorí pé kò sí ilẹ̀kùn tí yóò nílò àyè láti ṣí sí ẹ̀gbẹ́, mẹ́ta irú ọkọ̀ yìí lè dúró ní ìbú-ìbú ní àyè tí a fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ kan ṣoṣo ní ẹ̀bá títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 2011 ni àwòṣe kejì tẹ̀ lé e, T.27, tí ó jọ ti ìṣáájú ní ìrísí ṣùgbọ́n tí ó ń lo iná mànàmáná dípò epo. Bátìrì wúwo; èyí sì ni ìṣòro gbogbo ọkọ̀ tí ń lo iná. Ẹni tí ó bá fi bátìrì sínú ọkọ̀ tí ó ti wúwo tẹ́lẹ̀, bátìrì ńlá ni yóò rà kí ó tó lè gbé ìwọ̀n náà, bátìrì ńlá náà yóò sì tún fi kún ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n nítorí pé T.27 fúyẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì kò ju nǹkan bí kìlógíráàmù 680 lọ. Ní ọdún náà gan-an ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje tí a fi ń wo ọkọ̀ tí yóò lo agbára tí ó kéré jù láti ìlú Brighton dé Lọ́ńdọ̀nù.

Bí a ṣe ń kọ́ ọkọ̀ náà

Ọkọ̀ kékeré nìkan kọ́ ni ilé-iṣẹ́ náà ń wá. Ohun tí ó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn ni ọ̀nà tí a lè gbà ṣe ọkọ̀, èyí tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní iStream.

Ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ nìyí. A ó tẹ́ páánù irin sábẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan tí ó ga bí ilé, ẹ̀rọ náà yóò sì tẹ̀ ẹ́ di ilẹ̀kùn, òrùlé tàbí ìdérí ẹ́ńjìnì. Apá kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun ìtẹ̀ tirẹ̀ tí a fi irin líle gbẹ́. Lẹ́yìn èyí, a ó jó àwọn páánù náà pọ̀ ní ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀, a ó sì gbé gbogbo rẹ̀ gba inú ilé ìkunlé ńlá kọjá. Owó tí ń bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá lè ta ọkọ̀ ní ọ̀kẹ́ àìmọye kì yóò rí owó rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ilé-iṣẹ́ ńlá, ní ìwọ̀nba orílẹ̀-èdè, ni ó ń ṣe ọkọ̀ fún gbogbo ayé.

Ọ̀nà ti Murray yàtọ̀. Páìpù irin ni a ó gé, tí a ó tẹ̀, tí a ó sì jó pọ̀ di egungun ọkọ̀. Láàárín egungun náà ni a ó fi pátákó fẹ́lẹ́ tí a fi òwú gíláàsì ṣe lẹ̀ mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi amọ̀ dí àárín òpó ilé. Pátákó àti páìpù yóò wá di ara kan, ọ̀kan yóò sì máa ran èkejì lọ́wọ́ láti gba agbára ìkọlù. Ìkẹyìn ni a ó de awọ òde mọ́ ọn, èyí tí ó ti ní àwọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀ ńlá, kò sì sí ilé ìkunlé ńlá. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà, ibi tí a ó ti ṣe irú ọkọ̀ yìí kò nílò ju ìdá kan nínú márùn-ún àyè tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn ń gbà.

Ohun tí ó dènà wọn

Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìhín lè béèrè pé kí ló dé tí T.25 àti T.27 kò fi kún ojú títì. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta ọgbọ́n kò lè ṣe ju kí ó fi ọgbọ́n náà hàn lọ. Ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ mú owó wá, kí ó kọ́ ilé-iṣẹ́, kí ó sì gba ewu ọjà sí ọrùn. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Japan, tí àwọn alùpùpù mọ̀ dáadáa, gbé ọkọ̀ kékeré kan tí a fi ọ̀nà iStream ṣe lọ sí ibi àfihàn ọkọ̀ ní Tokyo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà rẹ̀ ti dé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019 Yamaha kéde pé òun ti jáwọ́ nínú ètò ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà. Àwòṣe dára, ìṣirò rẹ̀ pé, síbẹ̀ kò di ohun tí ènìyàn lè rà. Òtítọ́ yìí kò yẹ ní fífi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń yin àwọn mọ́tò àwòṣe.

Àwòṣe kẹta: OX

Ìtàn àwòṣe kẹta bẹ̀rẹ̀ ní ibòmíràn. Sir Torquil Norman, oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ń ronú nípa àwọn ará oko ní Áfríkà àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tí ọ̀nà kò ti dára. Àgbẹ̀ tí ó wà ní òpin ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ lè fi gbogbo ọdún ṣiṣẹ́ kára, kí irè rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọkọ̀, irè náà yóò jẹrà sí oko, tàbí kí oníṣòwò tí ó ní ọkọ̀ dé kí ó sì dá iye tí ó wù ú lé e. Obìnrin tí ó ń rọbí, ọmọ tí ibà mú, omi mímu àti ajílẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Norman dá ẹgbẹ́ àánú kan sílẹ̀, Global Vehicle Trust, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún Gordon Murray Design. Ní ọdún 2013 ni a kéde ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni OX, èyí tí ó túmọ̀ sí akọ màlúù tí a fi ń ṣiṣẹ́ oko.

Nínú iṣẹ́ yìí, ẹrù àti ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n tó ronú kan ọkọ̀. OX lè gbé ẹrù kìlógíráàmù 1,900, tàbí ènìyàn 13, tàbí àgbá epo ńlá 8. Iwájú ni ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà, táyà iwájú náà ni ó sì ń fà á. Nípa bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ẹ́ńjìnì ń tẹ àwọn táyà tí ń ṣiṣẹ́ mọ́ ilẹ̀, kí wọ́n má baà máa yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé yọ, a sì lè fi ṣe àtẹ̀gùn tí a ó máa yí àgbá gùn. Férémù irin tí ó wà lábẹ́ àga àwọn èrò náà ṣeé yọ, kí a fi tẹ́ abẹ́ táyà nígbà tí ọkọ̀ bá rì. Gíláàsì rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú ara rẹ̀ ni a lè lò ní ọ̀tún tàbí ní òsì, kí àwọn ohun tí mẹkáníìkì yóò máa tọ́jú pamọ́ má baà pọ̀.

Àárín ni awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó sí, bí ti McLaren F1 àti T.25. Ìdí rẹ̀ níhìn-ín ni pé orílẹ̀-èdè kan ń gba ọ̀tún, òmíràn ń gba òsì. Àwọn àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbàgbé ọdún 1972, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà ní àárín kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan náà ni a ó ṣe fún gbogbo ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọni lójú jù ni bí a ṣe ń kó o ránṣẹ́. Ọkọ̀ odindi, afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ ojú omi sì ni a fi ń gbé afẹ́fẹ́ náà. OX ṣeé tú palẹ̀, kí a sì to gbogbo ara rẹ̀ sínú egungun ara rẹ̀. Kọ́ńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 tí kò lè gba ju méjì lọ ní odindi yóò gba mẹ́fà nígbà tí a bá tú wọn. Nígbà tí ó bá sì gúnlẹ̀, ènìyàn mẹ́ta tí ó mọṣẹ́ lè tò ó pọ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí 12. Pákó alápapọ̀ tí omi kò lè wọ̀ ni a fi ṣe ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ayé bọ́lẹ̀kájà, egungun ọkọ̀, ẹ́ńjìnì àti táyà rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá sí èbúté. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ yìí ni ó ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń fi àga sí i, tí àwọn akunlé sì ń kọ òwe àti àdúrà sí i níwájú àti lẹ́yìn. Bí pákó bá fọ́, káfíńtà tí ó wà nítòsí yóò pààrọ̀ rẹ̀. Owó iṣẹ́ náà kì í rékọjá òkun. Ohun tí àwọn oníṣọ̀nà wọ̀nyẹn fi ọwọ́ mọ̀, òun náà ni ìṣirò tuntun yìí tún dé: bí iṣẹ́ ìtòpọ̀ bá wà nítòsí ẹni tí yóò lo ọkọ̀, owó rẹ̀ yóò dínkù, ìmọ̀ àtúnṣe rẹ̀ yóò sì dúró sí ìlú.

Láti àwòṣe dé ojú ọ̀nà

Ṣé OX pẹ̀lú yóò parí sí ibi tí T.25 parí sí ni? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí a ṣe fún tálákà ní ìṣòro kan tí kò sí lára ọkọ̀ olówó: bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó, agbára àgbẹ̀ kan kò lè ká a. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ kan tí a ń pè ní OX Delivers gbé ọkọ̀ náà lọ sí Rwanda, orílẹ̀-èdè olókè tí kẹ̀kẹ́ ológeere ti ń ru àpò irè oko gun òkè ní ojoojúmọ́. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò ra ọkọ̀. Awakọ̀ ọmọ ìlú ni wọ́n fi sí i, àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò yóò sì san owó àyè tí ẹrù rẹ̀ gbà nìkan. Ẹni tí ó ní àpò méjì yóò san ti méjì. Ẹni tí ó ní ogún yóò san ti ogún. Wọ́n sì tún ọkọ̀ náà ṣe kí ó lè máa lo iná mànàmáná, èyí tí ó bá ilẹ̀ olókè mu, nítorí pé nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ a máa dá díẹ̀ nínú agbára padà sínú bátìrì.

Nínú àwòṣe mẹ́ta wọ̀nyí ni a ti lè rí ohun mẹ́ta kọ́. Èkínní, pé kí a tó yàwòrán ọkọ̀, kí a kọ́kọ́ wọn ẹrù, kí a wo ọ̀nà, kí a sì ka iye àwọn tí yóò wọ̀ ọ́; T.25 àti OX kò jọra rárá, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó bí wọn. Èkejì, pé ibi tí a ó ti ṣe ọkọ̀ àti bí a ó ṣe ṣe é jẹ́ apá kan nínú ọkọ̀ náà, nítorí pé ọ̀nà tí ó bá gba owó rẹpẹtẹ ti lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta, pé ìrònú nípa bí a ó ṣe sanwó ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìrònú nípa ẹ́ńjìnì rẹ̀. T.25 ní ẹ́ńjìnì tí ó dára, kò rí ẹni tí yóò ṣe é. OX rí ọ̀nà tirẹ̀ nígbà tí a ṣíwọ́ bíbéèrè iye tí àgbẹ̀ lè fi ra ọkọ̀, tí a sì béèrè iye tí ó lè san lórí àpò kan láti oko dé ọjà.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn wẹ́dà àti àwọn káfíńtà tí ń kan ara ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé ohun tí ó kọjá agbára wọn ni àwòṣe ṣíṣe. Páìpù irin, pákó, iná ìjórin àti ìwọ̀n tí a fi ń wọn ẹrù, kò sí èyí tí kò sí ní ìlú wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ọjà ní òwúrọ̀, kí wọ́n wo ohun tí àwọn ènìyàn ń rù, kí wọ́n béèrè ibi tí ó ti wá àti iye tí wọ́n san lórí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ kí wọ́n tó mú gègé ìyàwòrán.